Ọjọ́ Kan Péré Lọ́dún: Ìdáhùn fún Òǹkàwé Kan Tó Fẹ́ Lọ Wo Ibi Iṣẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà ní Peterborough

Ìbéèrè: Ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ni mí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé ibì kan wà nínú igbó ní New Hampshire tí wọ́n ń pè ní MacDowell, níbi tí àwọn ayàwòrán, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn olórin ti ń wá gbé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti ṣiṣẹ́, àti pé ọjọ́ kan péré lọ́dún, nígbà ooru, ni ará ìta lè wọ ibi iṣẹ́ wọn. Mo fẹ́ mú ọmọ mi obìnrin lọ, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó jọ mí lójú bí ìgbéraga. Nílé wa, ṣe la kàn ń yà sílé oníṣẹ́ ọnà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kan? Kí la ó sọ bí iṣẹ́ náà kò bá yé wa? Ṣé dandan ni ká ra nǹkan? Kí sì ni èèyàn fẹ́ wò nínú yàrá òǹkọ̀wé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa, tí ẹ kọ̀wé. Ẹ lọ, kí ẹ sì mú ọmọ yín dání. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó gbéra ni pé ibi tí ẹ ń lọ kì í ṣe ọjà, kì í sì í ṣe gálárì tí wọ́n ti tan iná sí àwòrán lórí tí wọ́n sì ti kọ iye rẹ̀ sí i nídìí. Iṣẹ́ tí kò tíì parí ni ẹ ó bá lọ́wọ́ ẹni tí yóò tún jókòó tì í ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí èyí bá ti yé èèyàn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ bèèrè ti ní ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé n kò gbà á tán, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè dà á nù pátápátá.

Edward MacDowell, tí ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí òkìkí wọn kàn dé Yúróòpù nídìí kíkọ orin. Ọdún 1896 ló di ọ̀jọ̀gbọ́n orin ní Yunifásítì Columbia ní New York, ọdún náà gan-an sì ni ìyàwó rẹ̀, Marian, tí òun náà jẹ́ atẹdùùrù, ra oko kan sí Peterborough, ní New Hampshire. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ahéré onígi kan sínú igbó, tó jìnnà sí ilé, kí Edward lè máa kọ orin láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n, Marian a gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, a rọra gbé e sẹ́nu ọ̀nà, a sì padà lọ láìsọ̀rọ̀. Edward rí i pé iṣẹ́ òun ń yá nínú ahéré yìí ju bó ti ń yá ní ìlú ńlá lọ, ó sì wù ú pé kí àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn náà rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọdún 1907 ni tọkọtaya náà dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1908, Edward kú.

Ní tèmi, Marian gan-an ni ó ni ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló lá àlá rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni obìnrin yìí fi ń ti ìlú dé ìlú, tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àti ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ orin, tó sì ń fi owó ibẹ̀ ra ilẹ̀ kún ilẹ̀, tó ń fi kọ́ ahéré kún ahéré. Nígbà tí ìjì ńlá ọdún 1938 jà ní agbègbè New England, tó sì wó igi inú igbó náà lulẹ̀ bẹẹrẹ, ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó tún dìde láti wá owó àtúnṣe. Ọdún 1956 ló tó papò dà.

Ahéré kan yẹn ti di sítúdíò 32 báyìí, tí wọ́n fọ́n ká orí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 450, débi pé ẹni tó wà nínú ọ̀kan kì í sábà rí èkejì. Nǹkan bí 300 oníṣẹ́ ọnà ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún: ayàwòrán, òǹkọ̀wé, akọrinsílẹ̀, ayafíìmù, ayàwòrán-ilé, àwọn eléré orí ìtàgé, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn pa oríṣiríṣi pọ̀. Wọ́n jọ ń jẹun àárọ̀ àti ti alẹ́ nínú gbọ̀ngàn kan. Ti ọ̀sán yàtọ̀: inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà sítúdíò kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí Marian ti ń ṣe fún ọkọ rẹ̀, ẹni tó gbé e wá kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà fúnra wọn kì í wọ sítúdíò ara wọn àfi bí wọ́n bá pe ara wọn. Nítorí náà, ìyá wa, kì í ṣe ẹ̀yin ará ìta nìkan ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó dé ibẹ̀ lè jẹ́ olùkọ́ tó ń fi òru kọ ìwé láti ọdún mẹ́ta, tàbí ìyá ọlọ́mọ tí kò rí wákàtí méjì tó lọ léraléra rí láti ìgbà tó ti bímọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fún un. Bí àlejò bá kàn án lára lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi kí àlejò náà ló sọnù, bí kò ṣe ohun tó fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ tó tún sá padà. Ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, ni yín; ẹ mọ̀ pé ìkòkò aró tí wọ́n dé kó lè mú, a kì í ṣí i wò ní wákàtí wákàtí.

Ti ilé wa tí ẹ fi ṣe àkàwé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, wá darí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀ ní 1962 àti 1963. Ní 1964, Georgina Beier ló darí rẹ̀. Kò sí ìdánwò àwọlé. Ẹni tó bá yà wọlé, wọ́n á fún un ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹnu irú ilẹ̀kùn ṣíṣí bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn bíi Jimoh Buraimoh, Muraina Oyèlámì àti Twins Seven Seven gbà wọlé tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Ilé Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ní òpópónà Ìbòkun pẹ̀lú kò ṣe àjèjì sí àlejò. Ṣùgbọ́n ohun tí Mbari Mbayo ń wá ni ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun lè yàwòrán. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ibo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbà wọlé? Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí kò rí àyè ṣe é, ni Peterborough ń wá. Ohun tí ìṣílẹ̀kùn ṣe fún ti àkọ́kọ́, ìtìlẹ̀kùn ló ń ṣe é fún ti èkejì.

Síbẹ̀, mo ní n kò dà ọ̀rọ̀ yín nù pátápátá. Mo rò pé ọjọ́ kan kéré. Ní ìpínlẹ̀ California, ní òdìkejì afárá Golden Gate sí San Francisco, ibì kan wà tó ń jẹ́ Headlands Center for the Arts, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 nínú àwọn ilé tí ológun ń lò tẹ́lẹ̀ ní Fort Barry. Oníṣẹ́ ọnà àlejò ni àwọn náà ń gbà sílé, wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìlú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ìgbà ooru jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Èèyàn á rìn láti sítúdíò dé sítúdíò, á tún lọ jókòó nínú yàrá ìjẹun àwọn ọmọ ogun àtijọ́, tí Ann Hamilton, oníṣẹ́ ọnà, tún ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé Peterborough lè fi ọjọ́ kejì kún un kò sọ àsọdùn.

Ní báyìí, ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Medal Day ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ tí wọ́n ń fi àmì-ẹ̀yẹ dá àgbà oníṣẹ́ ọnà kan lọ́lá. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, òǹkọ̀wé Thornton Wilder ló sì kọ́kọ́ gbà á, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nínú sítúdíò ibẹ̀ rí. Ayàwòrán Georgia O'Keeffe gbà á ní 1972, òǹkọ̀wé Toni Morrison gbà á ní 2016, akéwì Sonia Sanchez sì gbà á ní 2022. Bó ti ń lọ láti ẹ̀yìn wá ni pé ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ ni, pé ọ̀rọ̀ sísọ àti ìfàmì-ẹ̀yẹ-dánilọ́lá a máa wáyé nígbà tí oòrùn bá wà lókè, pé àwọn èèyàn á wá tẹ́ aṣọ sórí koríko láti jẹun, àti pé lẹ́yìn oúnjẹ ni wọn yóò ṣí sítúdíò. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹ wo ìkéde tiwọn fún ọdún tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó wa ọkọ̀ jáde, nítorí pé ọjọ́ a máa yí, ètò náà sì lè yí. Ní 2020, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí èrò péjọ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Láti Worcester, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà náà tán tí wọ́n á sì wọkọ̀ padà sílé. Mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè kà lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró gbọ́, èyí tí kò sí níbòmíràn ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Ẹ dúró de ọ̀sán. Ẹ má sì gbìyànjú láti dé gbogbo sítúdíò, nítorí wákàtí díẹ̀ ni ilẹ̀kùn fi ń ṣí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbòòrò. Kì í sì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ọnà ló ń fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá dé mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ fara balẹ̀ nínú wọn, ó tó. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ayàwòrán, kí ọ̀kan jẹ́ ti akọrinsílẹ̀, kí ọ̀kan sì jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ẹ wọ bàtà tó ṣe é rìn, kí ẹ sì wọ ṣòkòtò gígùn, nítorí pé eégbọn pọ̀ nínú koríko New Hampshire nígbà ooru, kò sì mọ ẹni tó múra lọ sóde ayẹyẹ.

Nínú sítúdíò ayàwòrán, má wo ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn nìkan, ni mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Iṣẹ́ tí inú ayàwòrán dùn sí ló sábà ń gbé síbẹ̀. Ẹ wo èyí tó dojú dé ògiri. Ẹ wo àwọn bébà kéékèèké tó fi pín-ìnnì kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tó ti dán àwọ̀ kan wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó rí èyí tó bá a lára mu. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀dà tó kán sílẹ̀ ń sọ ibi tó máa ń dúró sí, àti bóyá ìdúró ló fi ń ṣiṣẹ́ tàbí orí ìkúnlẹ̀. Ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́ yóò rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tí àwòrán tó ti parí kò lè kọ́ ọ. Ní ti akọrinsílẹ̀, ó lè tẹ díẹ̀ nínú orin tó ń kọ lọ́wọ́ fún yín lórí dùùrù, kó sì dúró lójijì níbi tí kò tíì mọ ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Ibi ìdúró yẹn ni kí ẹ fetí sí.

Ìbéèrè yín lórí yàrá òǹkọ̀wé dùn mọ́ mi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń rò ó tí wọn kò lè bèèrè. Ẹ ó bá tábìlì, àga, ibi ìdáná ìyáná, bébà tí wọ́n tò sílẹ̀ tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àti òǹkọ̀wé tí kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Àwọn mìíràn á ka ojú ìwé kan sétí yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè. Lára ògiri sítúdíò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́ àwọn pátákó onígi pẹlẹbẹ sí, tí orí wọn rí bíríkítí bíi ti òkúta sàréè, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi ẹ̀fẹ̀ ń pè wọ́n. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó wá; bí pátákó kan bá kún, wọ́n á kọ́ òmíràn. Tàdáwà àwọn ti ìṣáájú ti ṣá débi pé èèyàn ní láti súnmọ́ ọn kó tó lè kà á. Òǹkọ̀wé James Baldwin wà ní Peterborough ní 1954, ó sì kọ lára ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ kejì níbẹ̀. Àwọn akọrinsílẹ̀ Leonard Bernstein àti Aaron Copland náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn olókìkí yìí nìkan ló mú mi fẹ́ràn pátákó wọ̀nyí, bí kò ṣe àwọn orúkọ tó pọ̀ jù wọ́n lọ, tí èmi àti ẹ̀yin kò gbọ́ rí, tí wọ́n wà lórí igi kan náà pẹ̀lú wọn, láìsí pé wọ́n kọ ti ẹnikẹ́ni tóbi ju ti ẹnìkejì. Òǹkọ̀wé tó wà níbẹ̀ lónìí ń fojú rí pátákó yẹn ní gbogbo àárọ̀. Ẹ bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Ìbéèrè yẹn máa ń tú wọn nínú ju ìbéèrè lórí ìwé wọn lọ.

Èyí gbé mi dé orí ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ sì wo iṣẹ́ náà fúngbà díẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Kò sí àléébù nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tí n kò fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ni «Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?», nítorí pé oníṣẹ́ ọnà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí lè má tíì mọ ìtumọ̀ náà, bí ẹ bá sì fi dandan gbọ̀n ọ́n, yóò fún yín ní èyí tó há sórí fún ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́. Ẹ bi í pé níbo ló bá iṣẹ́ dé. Ẹ bi í pé kí ló yọ kúrò nínú rẹ̀, kí ló sì dé tó fi yọ ọ́. Ẹ bi í pé kí ló ń fún un ní wàhálà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí iṣẹ́ náà kò yé rárá lè bèèrè gbogbo ìwọ̀nyí láìṣe bí ẹni tó mọ̀, ìdáhùn tí yóò sì gbọ́ yóò ràn án lọ́wọ́ láti rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn lórí bó ṣe yẹ kó parí rẹ̀, ẹ fi sínú, àfi bó bá bèèrè. Bí ẹ bá sì rí i pé èrò ti ń tò sẹ́yìn yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ fàyè sílẹ̀.

Dandan kọ́ ni láti ra ohunkóhun. Ẹ má tilẹ̀ bèèrè iye owó nínú sítúdíò, kì í ṣe torí pé ẹ̀gàn ni, bí kò ṣe torí pé iṣẹ́ náà lè ṣì yí padà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní gálárì tó ń bá wọn ta ọjà, tí wọ́n ti bá ṣe àdéhùn. Bí ohun kan bá wù yín, ẹ gba orúkọ oníṣẹ́ náà, kí ẹ kọ̀wé sí i nígbà tó bá padà sílé. Ní ti fọ́tò, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yọ fóònù. Mo mọ ayàwòrán kan tí àwòrán rẹ̀ tí kò tíì parí ti dé orí Facebook kí òun tó pinnu bóyá òun yóò fi í sílẹ̀ tàbí òun yóò pa á rẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń kí i kú oríire lórí ohun tó ti fi ọ̀dà funfun bò mọ́lẹ̀.

Ó ku ti ọmọ yín. Bí ó bá ń ronú àtiwá bí oníṣẹ́ ọnà lọ́jọ́ iwájú, kò lè kọ̀wé báyìí, nítorí pé wọn kì í gba ẹni tó ṣì ń kàwé gboyè lọ́wọ́ lákòókò tó fi ìwé ránṣẹ́. Nígbà tó bá jáde, kò pọn dandan kó ní ìwé ẹ̀rí tàbí òkìkí kankan; àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ àti àlàyé ohun tó fẹ́ wá ṣe ni ìgbìmọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yóò yẹ̀ wò. Owó kékeré kan wà fún fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbà kò ní san owó ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní san owó oúnjẹ, wọ́n sì ní owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó ọkọ̀ tàbí owó ilé tó fi sílẹ̀ bá fẹ́ há lọ́rùn. Kí ó lo ọ̀sán ọjọ́ yẹn dáadáa: gbogbo ẹni tó bá bá nínú sítúdíò ló ti gba ọ̀nà ìwé kíkọ yìí kọjá, wọ́n sì mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀, àti iye ìgbà tí wọ́n ti kọ̀wé kí wọ́n tó gbà wọ́n. Kí ó mú ìwé àjákọ kékeré dání.